Ọjọ́ Tí Mo Fi Bírò Pupa Yí Ká

Ajé, 7 oṣù karùn-ún 2007

Lónìí ni àwọn ọmọ kíláàsì mi pe Bùnmi ní "Àǹtí Íńtánẹ́ẹ̀tì" lójú mi kòrókòró. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mo ń wo ẹnu wọn. Orúkọ mi nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ìgbògbò yìí, láti ọjọ́ tí mo ti fi agolo mílíìkì ńlá kan ṣe àńtẹ́nà tí mo sì gbé e sórí òrùlé ilé mi kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè dé Ìjẹ̀dé. Èmi ni mo lá mílíìkì inú agolo yẹn tán. Èmi ni mo fi ìṣó dá ihò sí i lára. Bùnmi dé láti Ìbàdàn wá bá wa ṣiṣẹ́ nínú oṣù kìíní pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì àti láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan, kò tíì pé oṣù márùn-ún, wọ́n ti bọ́ orúkọ lọ́rùn mi fi wọ̀ ọ́.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Orúnkún méjèèjì ló máa ń kàn mọ́lẹ̀. Ohun tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù nìyẹn, kò fún èèyàn láyè láti bínú sí i.

Jímọ̀, 11 oṣù karùn-ún

Òjò àná pọ̀. Láti àárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Ìjẹ̀dé ti ń pè mí pé kọ̀ǹpútà àwọn ò mú nǹkan kan wá mọ́, àti pé òun fẹ́ fi orúkọ àwọn aboyún ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá. Mo gba ẹ̀yìn ilé-ìwé bọ́ sílé. Díìṣì orí ilé-ìwé tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú sánmà ń ṣiṣẹ́, ráútà tó ń pín in nínú pálọ̀ mi ń ṣẹ́jú, agolo orí òrùlé nìkan ni atẹ́gùn ti yí, tó kọ ojú sí ọjà dípò Ìjẹ̀dé.

Mo gbé àkàbà. Igi kẹrin rẹ̀ ti ń jẹrà. Mo mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ mi náà mọ̀ ọ́n, mo máa ń fò ó kọjá ni. Bùnmi tẹ̀lé mi, ó di àkàbà mú nísàlẹ̀ tòun ti síkẹ́ẹ̀tì gígùn rẹ̀.

"Àǹtí Ṣẹ̀rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ èmi náà bí ẹ ṣe ń darí ẹ̀."

"Òrùlé yìí ò gba ẹni méjì."

Irọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, Ọláòtán ọkọ mi àti káfíńtà méjì ló jọ dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Rú, 16 oṣù karùn-ún

Míítìn ẹgbẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì wa nílé Alhaji Sànní ní Ìjẹ̀dé. Alhaji ni alága wa, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ló bá Bùnmi tan, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé. Mi ò sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ o. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ìròyìn wà. Ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe máa dé àwọn ìlú tó jìnnà sí Èkó. Wọ́n fẹ́ wá wo tiwa, nítorí àwọn ará ìlú ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Bí ó bá wù wọ́n, wọ́n á gbà wá láyè láti máa gbé àńtẹ́nà sórí tánkì omi àti ilé-ìwé ìjọba láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Bí kò bá wù wọ́n, a jẹ́ pé lẹ́tà ọdún tó kọjá yóò ṣẹ lé wa lórí, èyí tó ní ká yọ gbogbo agolo wa kúrò nítorí a ò ní ìwé àṣẹ. Alhaji ṣì tọ́jú lẹ́tà náà sínú fáìlì. Ó gbé e sókè kí gbogbo wa rí i.

Mo ti ń to ohun tí mo máa sọ fún ìgbìmọ̀ jọ nínú mi: bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé ṣe sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ tí íméèlì àkọ́kọ́ wọlé. Alhaji bá ní, "Bùnmi ló máa bá wọn sọ̀rọ̀. Òyìnbó ẹnu ẹ̀ já gaara, òun náà ló sì kọ ìwé àbá wa. Ṣẹ̀rífátù, ìwọ máa wà nídìí ẹ̀rọ."

"Kò burú, sà."

Nídìí ẹ̀rọ. Bí ẹni tó ń lọ ata.

Rú, 23 oṣù karùn-ún

Tòmátì wọ́n bí ojú. Bùnmi ra bàtà tuntun.

Àìkú, 27 oṣù karùn-ún

Mo lọ kí Bàbá Adélàjà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní agboolé wa. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì mú. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, wọ́n pè mí padà.

"Ṣẹ̀rífá, ìwọ tó ò kì í jókòó sójú kan. Túsìdè, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀, ra oúnjẹ rẹ sílẹ̀. Orò máa jáde lójúmọmọ. Ìkéde ò tíì jáde o, má lọ máa sọ ọ́ kiri."

"Láti àárọ̀ ni, Bàbá?"

"Láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀. Obìnrin kankan ò gbọdọ̀ yọjú."

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò bèèrè. Nígbà tí mo délé, mo fi bírò pupa yí ọjọ́ náà ká lórí kàlẹ́ńdà kíṣìnì, mo kọ "má jáde" sí i, mo sì kọ "Bàbá sọ ọ́, 27/5" sábẹ́ rẹ̀. Èèyàn tó ń kọ ọjọ́ sí ara gbogbo nǹkan ni mí. Ara ìgò àdí àgbọn pàápàá, mo máa ń kọ ọ́ sí i.

Jímọ̀, 1 oṣù kẹfà

Epo ti di náírà márùndínlọ́gọ́rin. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí Ìjẹ̀dé ń bú mi lójú ọ̀nà bí ẹni pé èmi ni mo fi owó lé e.

A ṣe míítìn. Bùnmi dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Ìgbìmọ̀ ní ká mú ọ̀kan nínú ọjọ́ méjì, Túsìdè kọkàndínlógún tàbí Túsìdè tó tẹ̀lé e. Mo rò pé ká mú kọkàndínlógún. Wọ́n ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó epo. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbògbò la máa gbà wọ́n lálejò, ní yàrá kọ̀ǹpútà."

Alhaji ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa mẹ́fà. Àwọn tó kù, ọmọ Ìjẹ̀dé, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ọmọ Ìbàdàn. Èmi nìkan ni ọmọ Ìgbògbò níbẹ̀.

"Ṣé kò sí ẹni tó ní ìdíwọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo rí òbíríkítí bírò pupa náà lójú ọkàn mi. Mo wolẹ̀. Mo ń fi èékánná họ àbàwọ́n kan lára báàgì mi.

"Ṣẹ̀rífátù ńkọ́?"

"Kò sí ìdíwọ́, sà."

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí mi ò ní rí ẹni sọ ọ́ fún. Bàbá ní kí n má sọ ọ́ kiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mo lè ní "ọjọ́ yẹn ò rọ̀ mí lọ́rùn", wọn ì bá mú ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi náà ò ní lè jáde lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ sísọ fún ọkùnrin kan. Kí wọ́n gbé e fún un. Kí Alhaji sọ ọ́, kí ó máa wúkọ́ láàárín rẹ̀. Kó ṣáà má jẹ́ Bùnmi.

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹfà

Bùnmi wá fi ohun tó máa sọ dánra wò níwájú wa ní pálọ̀ mi. Ó dáa. Ó dáa gan-an ni. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n bí sórí pèpéle. Ọláòtán gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi dì.

Nígbà tó lọ tán, ọkọ mi ní, "Ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ o, Ìyá Hàbíbàt. O ò rí i bó ṣe to gbogbo ẹ̀, tó wá yé èmi pàápàá?"

Mo ní ó yé e lóòótọ́, mo gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ṣàlàyé ohun tí mò ń ṣe lórí òrùlé fún ọkùnrin yìí. Ó máa ń mi orí, ó máa ń sùn.

Nínú kíṣìnì, mo wo kàlẹ́ńdà, mo ka ọjọ́ tó kù. Inú mi dùn. Mo fọ àwo kan ṣoṣo náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ajé, 11 oṣù kẹfà

Mo ti bàjẹ́. Mo ti bàjẹ́ pátápátá.

Alhaji fi orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí íméèlì, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹni márùn-ún. Olórí wọn ni Alhaja Fàósátù kan. Obìnrin méjì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́ta nínú márùn-ún!

Ìlú tí obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú ni wọ́n fẹ́ gbé mọ́tò wọ̀. Yálà kí wọ́n dá wọn padà lójú ọ̀nà, kí inú bí wọn, tàbí kí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé a ò ṣeé bá ṣiṣẹ́. Lẹ́tà inú fáìlì Alhaji á jáde. Agolo mi á sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó dùn mí dé akínyẹmí ara ni pé kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé obìnrin lè wà nínú wọn. Èmi tí mò ń bínú pé wọn ò ka obìnrin tó ń gun òrùlé sí, èmi náà ni mo ti rò pé ìgbìmọ̀ ìjọba ní láti jẹ́ ọkùnrin látòkè délẹ̀.

Mo pe Bùnmi ní agogo mẹ́rin. Mo ní, "Bùnmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nǹkan kan ní agboolé wa." Ṣẹ̀ṣẹ̀. Ó ní, "Háà, Àǹtí! Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ tètè gbọ́. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni, mà."

Ó dúpẹ́ títí káàdì mi fi tán.

Rú, 13 oṣù kẹfà

Ọjọ́ ò ṣeé yí padà mọ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní ogúnjọ́, lẹ́yìn ìyẹn ìgbìmọ̀ ń kọjá sí ìhà Bàdágírì, wọ́n sì ń parí ìwé wọn. Bùnmi ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní kí ìgbìmọ̀ má wá sí Ìgbògbò rárá, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn Ìjẹ̀dé níbi tí wọn ò ti ní ṣe Orò lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wo ìparí ọ̀nà dípò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí èmi wà nílé mi pẹ̀lú ráútà, kí n máa ti inú kọ̀ǹpútà bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí. Èmi tí mo fẹ́ tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, èmi ni wọ́n á tìlẹ̀kùn mọ́. Òun á dúró lórí bàtà tuntun rẹ̀ níwájú Alhaja.

Bọ̀, 14 oṣù kẹfà

Ìkéde jáde lónìí ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lójú ọjà. Alhaji pè mí láti yìn mí pé mo ta wọ́n lólobó ṣáájú. Mo ní kò tó nǹkan.

Àbámẹ́ta, 16 oṣù kẹfà

Bùnmi wá ká jọ dán ohùn wò láti ilé mi sí Ìjẹ̀dé. Ó ń dún ketekete. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó wọ kíṣìnì lọ bu omi. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó jáde, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo fún un ní oògùn, ó kúnlẹ̀ gbà á.

Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kẹfà

Ìlú dákẹ́ láti ìdájí. Kò sí ọ̀kadà, kò sí ẹni tó ń ta nǹkan. Èmi àti Hàbíbàt ọmọ mi ti ilẹ̀kùn, a fa kọ́tìnnì, a jẹ gààrí. Ọláòtán lọ tan jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé kí díìṣì lè ṣiṣẹ́, ó padà wá tan tilé.

Ní agogo mẹ́wàá mo gbọ́ Ìjẹ̀dé nínú kọ̀ǹpútà mi. Wọ́n ń fa àga. Alhaji ń wúkọ́. Mo gbọ́ ohùn Bùnmi, ó ń kí àwọn àlejò káàbọ̀. Atẹ́gùn ọ̀sà bá dé. Páìpù tó gbé agolo dúró lórí òrùlé mì, ohun gbogbo sì pa lọ.

Fóònù mi dún. Bùnmi ni, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àǹtí, a ò gbọ́ yín mọ́. Wọ́n ti jókòó. Kí ni ká ṣe?"

"Fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí: odidi ìṣẹ́jú kan ni mo fi jókòó. Mò ń rò ó bí yóò ṣe dúró níwájú wọn tí kò ní nǹkan kan láti fi hàn, tí òyìnbó ẹnu rẹ̀ á máa já gaara lásán. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Atẹ́gùn ni wọ́n á dá lẹ́bi. Mo jókòó tí mò ń gbádùn rẹ̀ lọ. Hàbíbàt ló wá ní, "Màámi, ṣé agolo yín ti já bọ́ ni?" Agolo mi. Mo dìde fùú.

"Bàbá Hàbíbàt! Òrùlé!"

"Ta ni? Èmi?"

"Èmi lè jáde ni?"

Ọkọ mi kì í gun ohun tó bá ga ju àga lọ. Mo dúró sẹ́yìn fèrèsé tí mo fa kọ́tìnnì bò, mo kọjú sí kọ̀ǹpútà, mò ń gbọ́ bó ṣe ń dárúkọ Ọlọ́run ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo mọ àkàbà yẹn, mo gbàgbé láti sọ fún un. Igi kẹrin ké. Ó pariwo, ó sì dákẹ́.

"O ti ṣubú?"

"Mo so rọ̀! Ìyá Hàbíbàt, ṣé o fẹ́ di opó ni?"

Ó débẹ̀ ṣá. Mo ń pariwo fún un láti inú ilé. "Yí i sí ọ̀nà ọ̀sà! Ó pọ̀ jù! Padà díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí! Dúró. Dúró síbẹ̀, má mí!" Ìlà aláwọ̀ ewé mẹ́ta tó ń fi agbára àńtẹ́nà hàn yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó di mẹ́rin, mo sì gbọ́ ikọ́ Alhaji. N kò mọ̀ pé ikọ́ èèyàn lè dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ohùn àgbà obìnrin kan dé. "Èmi ni Fàósátù. Ìwọ tó o wà lọ́hùn-ún, níbo lo wà gan-an?"

"Mo wà ní pálọ̀ mi ní Ìgbògbò, mà. Ọjọ́ Orò ni. Mi ò lè jáde."

Alhaja wá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣàjèjì sí mi. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀: obìnrin kan tí kò lè yọ ẹsẹ̀ síta ń bá ìgbìmọ̀ ìjọba sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀dé, a sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ó jókòó tì wá." Nọ́ọ̀sì fi hàn wọ́n bó ṣe ń fi orúkọ aboyún ránṣẹ́. Ó lọ, èsì sì dé lójú wọn.

Lẹ́yìn náà Bùnmi sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dárúkọ mi lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo kà á. Mo ń wá ibi tó ti máa gbé iṣẹ́ mi wọ ara rẹ̀, mi ò rí i, ìyẹn náà sì bí mi nínú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dún nínú kọ̀ǹpútà mi bí òjò orí páànù. Èmi pa kọ̀ǹpútà, mo lọ fi àdí pa orúnkún ọkọ mi.

Àìkú, 24 oṣù kẹfà

Àwọn òṣìṣẹ́ ti fòpin sí ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ọláòtán fi okùn di igi kẹrin àkàbà, ó ní ó ti parí. Ó ti sọ ìtàn bó ṣe so rọ̀ fún gbogbo àdúgbò. Nínú ìtàn rẹ̀, òrùlé náà ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Bọ̀, 12 oṣù keje

Ẹ̀pẹ́. A gba Ìmọ̀tà àti Àgbọwà lọ, ojú ọ̀nà kún fún kòtò, Bùnmi sì sùn lé mi léjìká láti Àgbọwà. Mi ò jí i. Gbọ̀ngàn ìjọba kún, òórùn ẹja sísun láti ọjà ń gba fèrèsé wọlé.

Alhaja Fàósátù ka ìpinnu wọn. Wọ́n gbà! Kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú máa gbé àńtẹ́nà sórí tánkì omi àti ilé-ìwé ìjọba láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Lẹ́tà tó ní ká yọ tiwa kúrò ti di òfo. Alhaji Sànní sunkún, ó fi fìlà nu ojú.

Alhaja ò tíì jókòó. Ó sọ ìtàn obìnrin tó wà nínú ilé fún gbogbo gbọ̀ngàn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ẹ̀yin tí ẹ pè wá síbẹ̀, ẹ ò mọ̀ pé obìnrin mẹ́ta wà nínú wa? Ta ló mú irú ọjọ́ yẹn? Ta ló sì yọ wá?"

Bùnmi dìde.

"Èmi ni mo ṣi ọjọ́ mú, mà. Àjèjì ni mí níbẹ̀. Àǹtí Ṣẹ̀rífátù ló ta wá lólobó kí ìkéde tó jáde. Àwọn náà ló fi agolo bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀." Ó nawọ́ sí mi.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń wò mí. Alhaja sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó dì mọ́ mi. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti oṣù kìíní nìyẹn, ó sì dé, ó kún, kò sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú rẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí.

Jímọ̀, 13 oṣù keje

Bùnmi yà sílé lẹ́yìn Jímọ̀ láti gbé wáyà. Mi ò lè jẹun láti àná. Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Mo ti mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn kí o tó mú un. Mo jókòó ní míítìn, mo sì dákẹ́."

Ó ní, "Mo mọ̀, Àǹtí."

"O mọ̀?"

"Kàlẹ́ńdà yín. Ọjọ́ tí mo bu omi. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó dùn mí o. Mo sunkún nígbà tí mo délé. Mi ò tíì dárí jì yín tán, mà, ẹ má rò pé mo ti dárí jì yín."

"Kí ló wá dé tí o fi nawọ́ sí mi lánàá?"

"Agolo yín ni wọ́n wá wò. Bí mo bá sọ ìyókù, ìyókù yẹn ni wọ́n á gbé lọ sílé."

Mo ti jowú bàtà rẹ̀, mo ti jowú òyìnbó ẹnu rẹ̀, àti bí ó ṣe ń kúnlẹ̀. Mo rò pé kò tún sí ohun tó kù lára ọmọ yìí tí mo lè jowú. Ó kù kan, mo sì jókòó níwájú rẹ̀, mò ń jowú rẹ̀.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ṣé òrùlé yẹn gba ẹni méjì báyìí?"

Mo ní kó wá lọ́la, kó wọ ṣòkòtò. Mo ní bí ó bá dé kí n tó ti àsàlátù dé, àkàbà wà lẹ́yìn ilé, kó máa gùn ún lọ.

Òjò ò rọ̀ lónìí. Ojú ọ̀run mọ́ láti ìhà ọ̀sà, ó sì jọ pé ọ̀la á dáa. Mo sá ẹ̀wù Hàbíbàt, ó ti gbẹ kí a tó kí Àsárì.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé kí bírò tó dúró lọ́wọ́ mi. Okùn lásán ni Ọláòtán fi di igi kẹrin yẹn. Ẹni tó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ á rò pé ó dúró dáadáa. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì kọ ọ̀rọ̀ òjò àti ti aṣọ sílẹ̀ kí n tó gbà pé mo mọ̀ ọ́n.

Mo mú fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ránṣẹ́ kí n tó tún ronú: "Bùnmi, igi kẹrin àkàbà ti jẹrà. Má tẹ̀ ẹ́. Dúró dè mí."